Egungun Tó Wà Lẹ́nu Alágbẹ̀dẹ Wúrà

Títí di òní olónìí, bí mo bá rí káfíńtà tó kó ìṣó sẹ́nu, àyà mi á já pàì. Àwọn ọmọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ń bà mí kí ọkùnrin náà má gbé ìṣó mì ni. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn rí, torí ojú ń tì mí. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa sọ òtítọ́, irú ìtàn yìí kò yẹ kó wà lápò mi. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó kúrò lọ́kàn mi.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ó ku ọdún mélòó kan kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ọmọ Iléṣà ni mí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí, Òṣogbo ni ìjọ wa sì rán mi lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo gba yàrá kan nítòsí ibùdó rélùwéè. Gìtá kan ṣoṣo ni gbogbo ọrọ̀ tí mo ní láyé. Mo rà á lọ́wọ́ akọ̀wé rélùwéè kan tí wọ́n gbé lọ sí Kàdúná, mo sì máa ń ta á nírọ̀lẹ́ níwájú ilé, bí mo bá ti parí iṣẹ́ àwọn ọmọ.

Ilé kẹta sí tiwa ni alágbẹ̀dẹ wúrà kan ń gbé. Ó bí ọmọbìnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ ta àwo tánganran lọ́jà. Ọmọbìnrin yìí ni mo fẹ́ fẹ́. Mo fẹ́ ẹ débi pé bí mo bá ń kọ nǹkan sójú pátákó fún àwọn ọmọ, orúkọ rẹ̀ ni ọwọ́ mi máa ń fẹ́ kọ. Òun náà fẹ́ràn mi, kò sì fi pa mọ́. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ohun tó bá rí ló ń sọ, ojú ẹni tó kàn ló sì ń sọ ọ́ sí. Ìyá rẹ̀ máa ń ní ẹnu ọmọ òun á lé oníbàárà lọ, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn oníbàárà máa ń wọ́ sí.

Bàbá rẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá tó wà nílẹ̀. Èèkàn ni ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Kì í ṣe pé ó lágídí ẹ̀sìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń bọ Ọ̀ṣun nínú ilé kan náà, àwọn méjèèjì sì jọ ń jókòó, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí bàbá náà kì í fi ṣeré, ẹnu rẹ̀ ni. Kò jẹ́ jẹ ẹran nílé ẹni tí kò bá mọ ọwọ́ tó pa á. Bí wọ́n bá pè é síbi ìnáwó, á lọ, á bá wọn yọ̀, á ṣàdúrà fún wọn, á sì padà wálé wá jẹun. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i.

Nígbà tí bàbá mi kékeré wá láti Iléṣà láti tọrọ ọmọ náà fún mi, alágbẹ̀dẹ wúrà kò ní òun ò fún wa, kò sì ní òun fún wa. Ó ní kí a ṣì máa wo ara wa ná. Bàbá mi kékeré bínú padà sílé, ó ní ṣé ọjà ni wá tí wọ́n fi ń yẹ̀ wá wò. Àmọ́ èmi mọ ohun tó ń ba bàbá náà lẹ́rù. Èkínní, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Èkejì, gìtá. Lójú tiẹ̀, ẹni tó bá ń ta gìtá, alágbe ni, bó tilẹ̀ wọ ṣòkòtò tíṣà. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń kọjá níwájú ilé rẹ̀, tí mo ń dọ̀bálẹ̀, tí ó ń wò mí láti orí bẹ́ǹṣì iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sọ ju “Tíṣà, o kú iṣẹ́” lọ.

Ó wá di ìgbà tí mo ń bọ̀ láti ọlidé Kérésìmesì. Ẹ̀yìn lọ́rì ni mo wà, àpò obì kan yẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ fò sínú kòtò, ó sì bọ́ lé orí gìtá mi. Nígbà tí mo máa fà á yọ, egungun ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì, ìdajì kan sì ti já sójú ọ̀nà.

Fún ẹni tí kò bá mọ gìtá: egungun pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó dábùú ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé orí rẹ̀. Kò gùn ju ìbú ìka mẹ́ta lọ. Wọ́n la ojú mẹ́fà sí i lórí, ojú mẹ́fà yẹn ni okùn mẹ́fèèfà ń gbà kọjá. Èèyàn lè ta gìtá fún ogún ọdún kó má ronú kan egungun yìí rí. Ọjọ́ tó bá ṣẹ́ lèèyàn á mọ̀ pé òun ló gbé gbogbo orin dání.

Kò sí ẹni tó ń tún gìtá ṣe nítòsí, mo bá ní màá gé òmíràn fúnra mi. Ẹran gbígbẹ wà nínú ẹrù tí ìyá mi dì fún mi láti ilé. Mo jẹ ẹran náà tán, mo rí i pé egungun ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ le dáadáa. Mo sè é, mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo sá a sójú fèrèsé fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn gé e níwájú ilé. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí bá mi nígbà tó ń ti ọjà bọ̀. Ó béèrè egungun kí ni mo ń gé. Mo ní ti ẹlẹ́dẹ̀ ìyá mi ni. Ìyá mi ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa n'Íléṣà, mo sì ti máa ń fi ìtàn àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ó di imú, ó sún sẹ́yìn, ó ní kí n má fi ọwọ́ yẹn kan òun o. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ.

Mo fi àtè lẹ egungun mi mọ́ gìtá. Ó burú jáì! Mo ti jẹ́ kó ga jù. Okùn léfòó kúrò lára igi débi pé kí n tó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ìka mi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ tán, títẹ̀ náà á fa ohùn rẹ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo orin á wá wọ́. Okùn kẹta nìkan ni mo ti la ojú tiẹ̀ jìn jù, ìyẹn ń fara kan àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, ó ń dún zìì bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Mo ń fi agídí ta á bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni mí, mi ò ṣáà ní gbà pé ọwọ́ mi ló ba nǹkan jẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ni alágbẹ̀dẹ wúrà dá mi dúró nígbà tí mo ń kọjá. Ó ní kí ló ń ṣe àpótí mi yẹn tó fi ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ inú oòrùn. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ mi títí, ó béèrè bí okùn ṣe yẹ kó jìnnà sí igi tó. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, pé ẹni tó ń la ojú sí yẹtí, kò ní ṣàì lè la ojú sí egungun.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Oṣù mẹ́jọ ni ọkùnrin yìí ti ń wò mí, òun ló wá ní kí n gbé gìtá wá yìí. Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ egungun yẹn? Mo lè fi ohunkóhun búra, kò wá sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Egungun náà ti kúrò ní egungun lójú mi, ó ti di ara gìtá. Àárín àwọn tó ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo dàgbà sí, ojú lásán ni mo fi ń wo egungun rẹ̀.

Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn tí wọ́n kírun ọ̀sán. Ó ti pa iná ẹwìrì, ó ti nu bẹ́ǹṣì rẹ̀ mọ́ fún gìtá mi, ó tẹ́ aṣọ sí i. Ó gba gìtá lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ jòjòló. Ó dẹ okùn mẹ́fèèfà, ó fi òòlù kékeré gbá egungun náà jẹ́jẹ́ títí tó fi yọ. Ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ní tíṣà kò mọ fáìlì lò rárá. Mo rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì ya àwọn okùn sọ́tọ̀. Ó sì há egungun náà mọ́ àárín ètè rẹ̀.

Ara mi bù máṣọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo alágbẹ̀dẹ wúrà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn kì í ṣófo, ilẹ̀ ibi iṣẹ́ wọn kún fún eérú, ohun kékeré tó bá bọ́ síbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bàbá náà a máa wí pé ohun tó bá wà lẹ́nu, eérú ò lè gbé e mì, olè ò sì lè jí i. Mo ti rí i tó fi yẹtí sẹ́nu, tó fi òrùka sẹ́nu, àìmọye ìgbà. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ṣùgbọ́n àfìgbà tí mo rí egungun ẹlẹ́dẹ̀ ìyá mi láàárín ètè ọkùnrin tí kò jẹ́ jẹ ẹran nílé ẹlòmíràn, ni mo tó rántí ohun tó jẹ́.

Ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó fi ẹ̀mú mú un, ó fi fáìlì irin tó tín-ín-rín bí ìrù eku ra ojú àkọ́kọ́. Ó fi ahọ́n lá a kí eruku rẹ̀ lè kúrò, kó lè rí bó ṣe jìn tó. Ahọ́n! Ó dá a padà sí ọrùn gìtá, ó fa okùn le, ó fi ìka tẹ okùn náà níbi irin kẹta, ó sì wá bẹ̀rẹ̀ wo àyè tó kù lókè irin àkọ́kọ́. Ó gé bébà pẹ́ńpẹ́, ó tì í sábẹ́ okùn. Bébà náà wọlé pẹ̀lú àyè. Ó mi orí, ó ní ó ṣì ga. Ó dẹ okùn, ó yọ egungun, ó dá a padà sẹ́nu.

Okùn mẹ́fà ló wà lára gìtá. Mo jókòó lórí àpótí, mo ń ṣe ìṣirò bí ọ̀daràn. Bí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, ó ti pẹ́ jù ná, ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá gbọ́, ọ̀rọ̀ ìyàwó ti parí nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, okùn mẹ́fà kì í ṣe ayérayé, á parí ẹ̀, á gbé gìtá fún mi, á bu omi yọ ẹnu nígbà tó bá fẹ́ kírun Alásàrí, kò sì ní mọ̀ láéláé. Ta ló máa sọ fún un? Mo tún ń sọ fún ara mi pé àpọ́nlé ló mú mi dákẹ́. Báwo ni ọmọdé ṣe máa la ẹnu rẹ̀ sọ fún àgbà pé èèwọ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀? Ṣé kò ní dà bí èébú? Ẹ̀rí ọkàn mi ń sọ pé irọ́ ni mo ń pa, mo ní kó panu mọ́.

Nígbà tó dé orí okùn kẹrin ni ohun tó burú jù ṣẹlẹ̀. Ó ń ya okùn sọ́tọ̀, egungun wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ egungun jáde. Ó ní òun ti ń wò mí láti ọjọ́ yìí. Ó ní òun rí i pé mi ò mutí, mi ò janu, mi ò sì fi gìtá tọrọ owó kiri. Ó ní ohun tí òun ń wá lára ọmọkùnrin, òun ti rí i. Kò gbójú sókè nígbà tó ń sọ èyí tó kẹ́yìn.

“Sọ fún bàbá rẹ kékeré kó padà wá,” ó ní. “Mo ti fún yín lọ́mọ.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀! Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú eérú pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi. Mo ní ẹ ṣé, Bàbá. Mi ò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni mo ń yọ̀ ni àbí ẹ̀rù ló ń bà mí. Nígbà tí mo dìde, ó ti tún ń lá ojú okùn kẹrin. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà yìí ni mo pinnu pé mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láyé mi.

Ọmọbìnrin náà wọlé pẹ̀lú ago omi fún bàbá rẹ̀ nígbà tí okùn kan ṣoṣo kù. Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi sílẹ̀. Ó rí gìtá, inú rẹ̀ dùn. Ó wá gbójú sókè rí ẹnu bàbá rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe yí padà. Ó wò mí, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi, ó pẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ojú mi kalẹ̀, mo ń wo bàtà mi.

“Bàbá mi, ẹ yọ ọ́ lẹ́nu,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. “Egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni.”

Bàbá náà kò tutọ́, kò pariwo. Ó fi ìka méjì yọ egungun náà díẹ̀díẹ̀, ó gbé e lé orí aṣọ tó tẹ́ sórí bẹ́ǹṣì. Ó ń wò ó. Ó wá yí ojú sí mi. Mo ti ń retí ìbínú, ìbínú ni mo ti múra sílẹ̀ fún. Ohun tí mo rí kì í ṣe ìbínú. Ojú ọkùnrin náà dà bí ojú ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbá létí.

“Tíṣà, ṣé o mọ̀?”

Mo ní mo mọ̀.

“Láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ fi sẹ́nu?”

Irọ́ ti kún ọ̀fun mi, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Mo ní láti ìgbà náà ni. Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó gbé búùtà àlùwàlá rẹ̀, ó jáde sẹ́yìn ilé. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń yọ ẹnu, tó ń tu omi dànù, tó tún ń yọ ẹnu, títí omi búùtà fi tán, tí mo fi gbọ́ tó ń pe ìyàwó rẹ̀ kó bu òmíràn wá. Ọmọbìnrin náà kó okùn gìtá mi jọ, ó ká wọn, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń kó ẹrù fún àlejò tó ń lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe dé yàrá mi.

Odidi ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń rìn bí ẹni tó sọ orí nù. Mo kọ ìṣirò tí kò tọ́ sójú pátákó, ọmọ kékeré kan dìde, ó ní, “Tíṣà, ẹ ti ṣì í o,” mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lójú gbogbo kíláàsì. Ohun tí mo ń retí ni pé gbogbo àdúgbò á gbọ́. Mo ń retí àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò sẹ́ni tó wá. Àwọn tí mo ń kí ń dá mi lóhùn bí ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé bàbá náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn sì tún dá kún ìjayà mi. Bí mo bá fẹ́ kọjá, ẹ̀yìn ilé ni mo ń gbà.

Ní ọjọ́ keje, ó jẹ́ Jímọ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi lẹ́yìn ìrun. Bàbá náà ni, pẹ̀lú agbádá tó wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo wólẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n gbé gìtá wá. Ó jókòó sórí ibùsùn mi, ó tú aṣọ pélébé kan tó wà lápò rẹ̀. Egungun ọrùn gìtá tuntun ló wà nínú rẹ̀, funfun, ó ti dán an títí ó ń kọ mànà. Ó ní ti màlúù ni, òun lọ gbà á lọ́wọ́ alápatà fúnra òun. Ó sì há a mọ́ àárín ètè rẹ̀ lójú mi, ó ń ya okùn sọ́tọ̀.

Omi bọ́ lójú mi. Ó ṣe bí ẹni pé òun ò rí i. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ ló ń sọ fún mi pé òun ti dé ọ̀dọ̀ Ààfáà, Ààfáà sì ní ẹni tí kò mọ̀, kò dẹ́ṣẹ̀, kí òun fọ ẹnu òun kí òun sì máa lọ. Ó ní ti èmi tí mo mọ̀ wà láàárín èmi àti Ọlọ́run mi. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo ní àpọ́nlé ni, mo ní mi ò fẹ́ dójú ti àgbà. Ó gbọ́ mi tán. Ó fa okùn le, ó ti bébà sábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bébà ń wọlé tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn láìsí àyè láti ṣòfò. Ó gbé gìtá fún mi, ó ní kí n ta á. Mo fọwọ́ kàn án. Ìka mi kò tíì tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ tó ti dáhùn. Gbogbo ọdún tí mo fi ni gìtá yẹn, kò dún bẹ́ẹ̀ rí, àní kí tàkọ́kọ́ tó ṣẹ́ pàápàá.

Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ fún mi lọ́jọ́ Sátidé, àgbà kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Kí bàbá mi kékeré máa bọ̀.

Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára mi. Mo ti kú, wọ́n sì jí mi dìde. Mo kọ lẹ́tà sí Iléṣà lójú ẹsẹ̀, mi ò tilẹ̀ jókòó kọ ọ́. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo lọ dúró de ọmọbìnrin náà lójú ọ̀nà ọjà, lẹ́tà wà lápò mi. Mo rí i lókèèrè pẹ̀lú igbá àwo lórí, mo sáré pàdé rẹ̀, mo fẹ́ bá a gbé igbá náà. Kò jẹ́ kí n gbé e. Mo rò pé ojú ló ń tì í lójú àwọn èèyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, mo ní bàbá ti dárí jì mí, mo ní mo ti kọ lẹ́tà sílé.

Ó sọ igbá kalẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé bàbá òun ti dárí jì mí, òun ni òun nu egungun tuntun náà mọ́. Ó ní inú òun dùn sí i.

“Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ yín mọ́,” ó ní.

Mo rò pé etí mi ló gbọ́ òdì. Mo ní ṣé nítorí ẹlẹ́dẹ̀ ni? Mo ní màá fi í sílẹ̀, mi ò ní jẹ ẹ́ mọ́, màá sọ fún ìyá mi kó kó wọn tà. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ kọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, mo ní kó rántí pé bàbá rẹ̀ ni, àgbà ni. Ó ní òun dúró nígbà tí òun wọlé lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ń wò mí lójú, kí n lè jẹ́ ẹni tó máa sọ ọ́, òun sì rí i tí mo sọ ojú kalẹ̀. Kò dẹ ohùn sílẹ̀.

“Bàbá mi fún yín lọ́mọ, egungun yẹn wà lẹ́nu wọn, ẹ sì dọ̀bálẹ̀, ẹ gbà á,” ó ní. “Lọ́jọ́ tí ohun tó máa pa mí bá wà lẹ́nu tèmi ńkọ́?”

Ó dúró. Àwọn èèyàn ń ti ọjà bọ̀, wọ́n ń yà fún wa, wọ́n ń kí wa. Ó tó àkókò tí èèyàn fi lè sọ ohun púpọ̀, mo sì mọ̀ pé ó ń retí kí n sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, ó ti gbé igbá rẹ̀ rù, ó ti dé ìdí ilé wọn.